Synchronization: ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ méjì máa bára wọn rìn láìsí gíà láàárín wọn

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Abẹ́òkúta á ti rí ajọ̀ irin ńlá tí wọ́n fi ń ya òkúta sọ́tọ̀, tí òkúta ńlá ń bọ́ síhìn-ín, tí èérún ń bọ́ sọ́hùn-ún. Mọ́tò iná méjì ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Irin wúwo kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí) mọ́tò kọ̀ọ̀kan, òun ló ń gbọn gbogbo ajọ̀ jìgìjìgì. Kò sí gíà láàárín mọ́tò méjèèjì, kò sí bẹ́líìtì, kò sí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tanná sí i tí irin méjèèjì á fi máa jọ dé òkè, tí wọ́n á sì máa jọ dé ìsàlẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní synchronization nìyẹn: nǹkan méjì tí oníkálukú ní agbára tirẹ̀, tí eré wọn sún mọ́ra, tí wọ́n wá ń sá eré kan náà gan-an nítorí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Christiaan Huygens, ará Netherlands tó ṣe aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù (irin tó so rọ̀, tó ń fì sọ́tùn-ún sósì), ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1665. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, aago méjì tó so kọ́ sára igi kan náà ló sì ń wò. Aago ojú òkun ni, tí wọ́n fẹ́ fi máa mọ ibi tí ọkọ̀ dé; méjì ni wọ́n ṣe é kí ọ̀kan lè máa lọ bí ìkejì bá dákẹ́. Ó rí i pé bí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ọ̀kan bá fì sọ́tùn-ún, ti ìkejì á fì sósì, kò sì ní yẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ da ìrìn wọn rú. Kí ìdajì wákàtí tó pé, wọ́n ti padà sí i. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà wọ́n nípa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ju ara wọn lọ lójúmọ́. Igi yẹn ló wà nídìí ẹ̀.

Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó ń fì máa ń fa igi tó so rọ̀ sí, díẹ̀ báyìí tí ojú ò lè rí. Bí méjèèjì bá ń fì sápá kan náà, wọ́n á jọ fa igi, igi á mì, mímì yẹn á sì máa jẹ nínú agbára wọn. Bí ọ̀kan bá ń fà síhìn-ín tí ìkejì ń fà sọ́hùn-ún, igi ò ní mira, agbára ò sì ní ṣòfò síbẹ̀. Ìrìn tí igi ń jẹ á kú díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò lè jẹ ló máa kù.

Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ eré tí àwọn olùkọ́ físíìsì fẹ́ràn láti ṣe. Ẹ so okùn mọ́ àga méjì, ẹ má fà á le jù, kí ẹ fi okùn tó gùn dọ́gba so agolo mílíìkì méjì tí ẹ rọ yanrìn kún rọ̀ sára rẹ̀. Ẹ ti ọ̀kan. Láìpẹ́ ìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, àkọ́kọ́ á sì máa rọlẹ̀ títí á fi dúró. Ẹ̀yìn náà ni ìkejì á dá a padà fún un. Ó dùn-ún wò, àmọ́ kì í ṣe synchronization. Agbára tí ẹ fi ti ọ̀kan náà ni wọ́n ń gbé fúnra wọn, ó sì máa tán.

Ní ti ajọ̀, orí sípíríǹgì ni wọ́n gbé e lé, ara rẹ̀ tó ń mì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ igi Huygens. Bí wọ́n bá fi kọnkéré dè é mọ́lẹ̀ pinpin, mọ́tò kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí mọ́tò méjèèjì ń yí sí: bí wọ́n ti ń fa ajọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ń pa tìkejì rẹ́, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta òkúta síwájú, agbára wọn á para pọ̀.

Ilya Blekhman, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Rọ́ṣíà, ló gbé àlàyé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1953. Níbi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé wáyà mọ́tò kan ti já, síbẹ̀ tí mọ́tò náà ṣì ń yí déédéé pẹ̀lú èkejì. Ẹ ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé oníkálukú ní agbára tirẹ̀ ni. Òótọ́ ni; ara ajọ̀ ló gbé agbára èkejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá tún mọ́tò kan ṣe, tó dé tó ń yí sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú èkejì, òkúta lè máa jó lójú kan láìsún síwájú. Ẹ pààrọ̀ méjì nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, á yí padà.