Bàálù tó ń sùn ní Kent, tó ń jẹ́ orúkọ Amẹ́ríkà

Mo rí Cessna kékeré kan ní pápá bàálù ní Kent, ní Ìlú Ọba, lẹ́tà N ló wà lára rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ti Amẹ́ríkà ni N?

Ti Amẹ́ríkà ni. G ni ti Ìlú Ọba, D ti Jámánì, 5N ti Nàìjíríà. Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 ló sọ pé ibi tí wọ́n bá ti forúkọ bàálù sílẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ibi yòówù kó máa sùn. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tá a ní páálí méjì sàn jù ú lọ.

Ṣé àjèjì lè gba N?

Kò lè gbà á tààrà. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ni FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ń fẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i ni trọ́ọ̀stì: orúkọ alágbàtọ́jú kan ní Amẹ́ríkà ló máa wà nínú ìwé, ẹni tó ra bàálù á máa wà á, á sì máa sanwó fún alágbàtọ́jú náà lọ́dọọdún.

Ṣé owó orí ni wọ́n ń sá fún?

Rárá o, N kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ VAT. Ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àṣẹ láti máa fò nínú kùrukùru, níbi tójú kò ti ríran tó jẹ́ aago ẹ̀rọ nìkan ló ń wò, ìdánwò kíkọ méje ló máa ṣe ní Europe bó bá jẹ́ àṣẹ kíkún ló fẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà àbùjá yẹn ti há díẹ̀ báyìí, torí Europe ti ní kí ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní ìwé-àṣẹ tiwọn náà.

Ìwé-àṣẹ Ìlú Ọba ni mo ní. Ṣé mo lè wa N?

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà. Bẹ́ ẹ bá gbéra ní Lydd tẹ́ ẹ ń yí po lókè Kent, kò séwu: FAA gbà kẹ́ni tó ní ìwé-àṣẹ orílẹ̀-èdè kan wa N nínú orílẹ̀-èdè yẹn. Ó wá wù yín kẹ́ ẹ lọ jẹun ọ̀sán ní Le Touquet, lódìkejì omi. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan ni. Àmọ́ gbàrà tẹ́ ẹ bá wọ òfurufú Faransé, ìwé yín kò bá bàálù yín mu mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ti gba ti FAA mọ́ ọn. Ká ní G ni, ìwé kan náà yẹn ì bá gbé yín dé Le Touquet láìsí àríyànjiyàn.

Mẹkáníìkì ńkọ́?

Ẹni tí FAA fún láṣẹ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyẹ̀wò ọdọọdún N. Ẹ wá a rí kẹ́ ẹ tó rajà.

Èwo wá ni kí n mú?

Bó bá jẹ́ Ìlú Ọba lẹ ń gbé, tí ìwé-àṣẹ yín sì jẹ́ ti ibẹ̀, G ni mo máa mú. Àmọ́ bí bàálù tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá ti jẹ́ N, tẹ́ ẹ sì ní ìwé FAA, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí CAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú ti Ìlú Ọba, tó gbà á, gbogbo ohun tí wọ́n sì ti fi kún un lábẹ́ òfin FAA ni CAA máa fẹ́ rí ìwé rẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ trọ́ọ̀stì, alágbàtọ́jú ló máa fọwọ́ sí ìwé títà, kì í ṣe ẹni tó ń na kọ́kọ́rọ́ sí yín.