Ta Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ ní Ọjà Àgbẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Fún?

Láàárín àwa Yorùbá tí a fi ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ iléèwé tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ọjà àgbẹ̀, ìyẹn ọjà tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti ń pàtẹ ohun tí wọ́n gbìn, ẹrù àgbẹ̀ ló ń bá a gbé, irè oko rẹ̀ ló sì ń bá a tà láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń jẹ́ kí ọmọ yín máa ṣe alábàárù ọ̀fẹ́ fún olóko?” N kò rí èsì fọ̀, nítorí èrò tirẹ̀ ni èrò tèmi náà, títí ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé ọmọ náà lọ tí mo sì dúró tì í láti ìgbà tí wọ́n ta àgọ́ títí wọ́n fi ká a.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá kò fara sin. Nílé, bí a bá gbọ́ pé ẹnìkan bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgbowó, ọ̀wẹ̀ ló ń sọ sí wa lọ́kàn, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló sì ni oko àti èrè iṣẹ́ náà. Ọjà àgbẹ̀ ti ìhín kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àgbẹ̀ kọ́ ló ni ín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè ló dá ọjà náà sílẹ̀. Òun ló ń gba àṣẹ láti lo pápá tàbí òpópónà, òun ló ń yan àgbẹ̀ tí yóò pàtẹ, tó sì ń gba owó àyè lọ́wọ́ wọn. Àjọ yìí ni ọmọ iléèwé ń ṣiṣẹ́ fún. Àgbẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń sanwó fún, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí òfin iṣẹ́ ti ọdún 1938, tí wọ́n ń pè ní Fair Labor Standards Act, kò fàyè gba oníṣòwò tó ń wá èrè láti máa lo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì pè é ní ìyọ̀ǹda ara. Àwọn iléèwé pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí: ní Montgomery County, ẹkùn kan ní Maryland níbí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 75 ṣiṣẹ́ fún ìlú láìgbowó kó tó lè parí iléèwé girama, iṣẹ́ tó bá sì ṣe fún oníṣòwò kì í sábà wọ inú rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti káàdì EBT. Orí káàdì yìí ni ìjọba ń san owó oúnjẹ SNAP sí fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní food stamp bí wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2008. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló ní ẹ̀rọ POS tó lè gbà á, nítorí náà àjọ náà gbé ẹ̀rọ kan sínú àgọ́ tirẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ti rí tẹ̀tẹ̀ tútù lórí àtẹ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní callaloo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé owó SNAP kò lè rà á lọ́jà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i, ó fa káàdì rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó sì ka ẹyọ onígi 20 lé e lọ́wọ́, igi pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n tẹ dọ́là 1 sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Màmá, ẹ lè fi ra ẹ̀fọ́, ẹran, ẹyin, búrẹ́dì àti oyin, àní ẹ lè fi ra ọ̀gbìn ata tí ẹ ó lọ gbìn sílé. Ẹ ò lè fi ra òdòdó tàbí oúnjẹ gbígbóná, wọn ò sì ní fún yín ní ṣéńjì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Àjọ náà tún fi owó mìíràn kún un fún èso àti ẹ̀fọ́ nìkan. Ọjà Crossroads ní Takoma Park wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú àfikún yìí ní ọdún 2007, kí òfin ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wá pèsè owó fún un ní ọdún 2014.

Nígbà tí ọjà ń tú, àwọn àgbẹ̀ kó ẹyọ onígi tí wọ́n gbà wá sí àgọ́. Ọmọ mi àti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i, torí pé iye yẹn ni àjọ náà yóò fi kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un. N kò sọ pé àgbẹ̀ kì í jàǹfààní. Ó ń rí oníbàárà tí kì bá tí rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ọdún 16 mú dání níbẹ̀ ni owó ìjọba àti oúnjẹ aláìní, kì í ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ìgbàgbọ́ òdì yìí lè ṣe ní jàǹbá jù ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó fi físà F-1 wá láti ilé. Bó bá gbà pé bíbá àgbẹ̀ tajà ni ìyọ̀ǹda ara, yóò lọ dúró nídìí àtẹ, yóò gba àpò ẹ̀fọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn nírọ̀lẹ́, ìjọba sì lè ka àpò ẹ̀fọ́ yẹn sí owó iṣẹ́ tí kò gba àṣẹ láti ṣe, èyí tó lè ba físà rẹ̀ jẹ́. Lábẹ́ àgọ́ àjọ aláìlérè, lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni láti ṣe, tí kò sì gba ohunkóhun dípò owó, ó lè ṣe é. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé wákàtí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àgbẹ̀ ni wọ́n dá, kí ó lọ rí àwọn tó ń mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀ kí ó tó padà lọ sí ọjà náà.