Ọmọ Kangxi Pọ̀, Àga Kan Ṣoṣo Ló Wà

Tíṣà ìtàn ni mí. Láti ìgbà tí fíìmù àwọn ará Ṣáínà ti gba orí fóònù gbogbo wa, ìbéèrè kan ni wọ́n fi ń dá mi dúró lọ́nà jù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni Yongzheng jí oyè àbúrò rẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n pé, oyè wo? Lọ́jọ́ tí bàbá wọn, Kangxi ọba Ṣáínà, wàjà ní 1722, kò sí àrẹ̀mọ kankan láàfin. Kí a tó wá olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Kangxi kò tíì pé ọmọ ọdún méje tó fi jọba ní 1661, ọdún 61 ló sì lò lórí àga. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ jẹ́ 24. Manchu ni ìdílé Qing, ìdílé ọba tí Kangxi ti wá, láti àríwá ni wọ́n ti wá gba Ṣáínà. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí òfin pé àkọ́bí ló máa jọba. Àwọn àgbààgbà ìdílé ló ń jókòó yàn án. Lọ́dọ̀ àwọn Ṣáínà, ọmọ ìyáálé ló ni ín. Ti Ṣáínà ni Kangxi mú. Ó fi Yinreng jẹ àrẹ̀mọ nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ìyá rẹ̀, olorì, ti kú lọ́jọ́ tó bí i.

Ọmọ jòjòló ti gba àga tán, bàbá ò sì kú. Àwọn ọmọ yòókù ń dàgbà. Bàbá mú wọn lọ sójú ogun, ó fún àwọn àgbà inú wọn lóyè àti agbo ilé tiwọn ní 1698, àwọn ìjòyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọmọọba tí wọ́n máa rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń ti Yinreng lẹ́yìn jù ni Songgotu, àbúrò bàbá ìyá rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni Songgotu kú sí ní 1703. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ti bà jẹ́ tán.

Ní 1708, ọba ń ti ọdẹ bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọdé kékeré, sì ṣàìsàn kú lọ́nà. Ọba rí i pé kò dun Yinreng. Kò tán síbẹ̀ o: ó ní ní alaalẹ́, Yinreng máa ń rìn wá síbi àgọ́ òun, tí á máa yọjú wò òun láti ibi tó lanu lára aṣọ àgọ́. Ọba tó ti ṣẹ́gun káàkiri ò lè sùn mọ́ nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó pe àwọn ìjòyè jọ, ó ní kí Yinreng kúnlẹ̀, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ síta pẹ̀lú ẹkún, ó sì gba oyè náà. Wọ́n ní ó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń sunkún.

Kíá, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dìde. Ọmọ àkọ́kọ́ sọ fún bàbá pé bó bá fẹ́ pa Yinreng, kò dìgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. (Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n?) Àṣírí tún tú pé ó ti ní kí àlùfáà Búdà kan láti Mongolia sà sí Yinreng; àhámọ́ ló wà títí ó fi kú. Nígbà tí ọba ní kí àwọn ìjòyè dárúkọ ẹni tó yẹ, ọmọ kẹjọ, Yinsi, ni wọ́n dárúkọ. Ìfẹ́ wọn ló pa á lára, torí ọba rí i pé ọmọ náà ti lẹ́gbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dá Yinreng padà sípò ní 1709, ó tún yọ ọ́ ní 1712. Lẹ́yìn náà, ìyà ni ìjòyè tó bá dárúkọ àrẹ̀mọ sétígbọ̀ọ́ rẹ̀ ń jẹ.

Ọmọ kẹrin, Yinzhen, ẹni tó wá jọba pẹ̀lú orúkọ Yongzheng, ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, ó ń ka ìwé Búdà rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, ọmọ kẹrìnlá, wà lójú ogun ní ìwọ̀-oòrùn nígbà tí Kangxi kú nínú ọgbà kan lẹ́yìn Beijing, ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá 1722. Longkodo, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú Beijing, ló kéde pé ọmọ kẹrin ni ọba dárúkọ.

Àwọn èèyàn ní wọ́n yí ìwé ìhágún Kangxi ni, pé "ọmọ kẹrìnlá" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di "fún ọmọ kẹrin." Àmì tí wọ́n fi ń kọ "mẹ́wàá" ní Ṣáínà dà bí àgbélébùú, fa ìlà sí i lórí, tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, á di "fún." Bí ìgbà tí èèyàn bá ha "lá" kúrò lára "kẹrìnlá" ni. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ gbé ìwé ààfin wò. Wọn kì í kọ "ọmọ kẹrin" lásán, ọ̀rọ̀ "ọba" ló ń ṣíwájú nọ́ńbà, nítorí náà "fún" á há sáàárín "ọba" àti "kẹrin," gbólóhùn á sì dàrú. Àmì "fún" tí akọ̀wé ààfin ń lò tún yàtọ̀, ó ní ìlà púpọ̀. Wọ́n sì ń kọ̀wé ní èdè Manchu pẹ̀lú, níbi tí ìlà kan ò ti lè sọ 14 di 4. Lójú mi, ìtàn ìlà yìí ti ṣubú. Ti Longkodo nìkan ló kù: ẹlẹ́rìí tó jèrè nínú ẹ̀rí ara rẹ̀.

Yongzheng fúnra rẹ̀ ò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yọ ọmọ kẹjọ àti ìkẹsàn-án kúrò nínú ìdílé ní 1726, ó fún wọn lórúkọ ẹ̀tẹ́, àwọn méjèèjì sì kú sí àhámọ́ lọ́dún náà. Ó ní kí ọmọ kẹrìnlá lọ máa ṣọ́ ibojì bàbá wọn. Ó wá tẹ àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án jáde kó lè fèsì, ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ sì wá gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ohun kan ní 1723 tí mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ó kọ orúkọ ẹni tó máa jọba, ó dì í sínú àpótí, wọ́n gbé e sẹ́yìn pátákó ńlá kan lókè nínú ààfin. Ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjòyè ò mọ ọmọ tó máa rọ̀ mọ́, bàbá sì lè yí i padà láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1735, Hongli ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, òun ló jọba pẹ̀lú orúkọ Qianlong.

Ọba Daoguang, tó jẹ nínú ìdílé Qing kan náà lẹ́yìn wọn, kọ tirẹ̀ ní 1846. Orúkọ ọmọ méjì ló wà nínú ìwé kan náà: Yizhu ni kó jọba, kí wọ́n sì fi Yixin joyè ọmọọba àgbà. Wọ́n ṣí i ní 1850. Àpótí náà wà ní Beijing títí dòní.