Kọ́pà inú ilé-ọmọ: kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Ọjọ́ àjẹsára làwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí jù, nípa kọ́pà, ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí tá a máa ń fi sínú ilé-ọmọ (IUD). Ìyá kan tó ń ta gèlè ní Ọjà Ọba, n'Ílọrin, ló kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, nǹkan tí kò tó ìka ọwọ́, tí kò sì dí ojú ọ̀nà, báwo ló ṣe ń dènà oyún?

Lóòótọ́, kò dí nǹkan kan. Ike kékeré tó rí bíi lẹ́tà T ni, wáyà kọ́pà ni wọ́n wé mọ́ ọn. Kọ́pà yẹn ló ni iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ sínú omi ilé-ọmọ, àtọ̀ ọkùnrin kò sì lè fara da omi náà: agbára ìrìn rẹ̀ á tán, ọ̀pọ̀ á kú sójú ọ̀nà. Àtọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹyin, kí ló fẹ́ fi di ọmọ?

Wọ́n ní oyún ló ń ṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀sìn ò gba ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin sá. Kí àtọ̀ àti ẹyin tó pàdé ni kọ́pà ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti lóyún, a kì í fi sí i lára rárá, ìdí nìyẹn tá a fi ń yẹ̀ yín wò ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi ààfáà yín, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà.

Ṣé kò ní rìn lọ sínú ọkàn?

Rárá o. Ó lè já bọ́ fúnra rẹ̀, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́. Kó gún ara ilé-ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i náà lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ máa lo rọ́bà (kọ́ńdọ̀mù) títí tẹ́ ẹ ó fi rí wa.

Nǹkan oṣù ńkọ́?

Mi ò ní tàn yín: ó lè pọ̀ sí i, kí inú sì máa run yín, ní oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ti ń ya tẹ́lẹ̀, oríṣi kejì tó ní họ́mọ̀nù dípò kọ́pà ló sàn fún un. Ìyẹn ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń mú kí omi ẹnu ilé-ọmọ ki bí ẹ̀kọ, àtọ̀ ò ní ríbi gbà.

Tí mo bá tún fẹ́ bímọ?

Ẹ wá ká yọ ọ́. Kọ́pà tí wọ́n ń pè ní TCu 380A lè lo ọdún 10, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó pé bẹ́ẹ̀. Tá a bá ti yọ ọ́, ẹ lè lóyún lóṣù yẹn náà. Kò dènà éèdì tàbí àtọ̀sí o.

(Ó rẹ́rìn-ín, ó bojú.) Olówó orí mi ò ní mọ̀ ọ́n lára?

Okùn yẹn máa ń rọ̀ tó bá yá. Bó bá ń gún wọn, ẹ padà wá, a ó gé e kúrú sí i.