Stabilizer Yín Ò Mọ Processor Rí

Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó gbé stabilizer tuntun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Wuse 2, l'Ábújá, pé kí n bá òun fi fóltì kún kọ̀ǹpútà kó lè sáré. Ẹ jọ̀ọ́, iná 230 fóltì tó ń ti ara ògiri wọlé kì í dé ọ̀dọ̀ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Power supply, àpótí iná inú kọ̀ǹpútà, ló ń sọ ọ́ di 12. Orí motherboard, pátákó tí processor jókòó lé, ni wọ́n ti tún ń bù ú kù di bíi 1.2. Inú BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, lẹ ti ń yí ìyẹn, ẹni tí ò bá sì mọ ọ̀nà BIOS, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àìmọye súìṣì ló wà nínú processor, ìlù kan náà ni gbogbo wọn ń jó sí. Bí ẹ bá mú ìlù yá kí kọ̀ǹpútà lè sáré, súìṣì tí iná rẹ̀ ò tó ò ní tíì yí tán kí ìlù kejì tó dún. Ìṣirò á ṣì, ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù. Ìdí tí a fi ń fi fóltì kún un nìyẹn.

Ooru lọ̀rọ̀ mi. Fóltì lọ́nà fóltì, ìyẹn fóltì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ni ooru fi ń pọ̀. Ẹ gbé e láti 1.20 dé 1.35, ẹ ó rò pé nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún péré lẹ fi kún un; ooru ti fi bíi 27 nínú ọgọ́rùn-ún lé, a ò tíì ka ti eré. Kò sì sí fáànù tó lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ẹni tó ṣe fídíò tí ẹ wò, Kánádà ló wà, yàrá rẹ̀ jẹ́ 20 digírì, processor rẹ̀ wà ní 85. Ẹ wá da nọ́ńbà rẹ̀ kọ ní Kubwa lóṣù Kẹta, tí iná ti lọ, tí inverter ò lè gbé AC, tí yàrá gbóná dé 38. 103 lẹ ń wá yẹn! Ọ̀pọ̀ processor Intel ló sì ń dín eré ara wọn kù tó bá ti di 100. Ẹ ti wá lọ́ra ju ti àná lọ.

Èmi, 0.01 ni mo ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan, màá jẹ́ kí Prime95, ètò tó ń fi ìṣirò líle dán processor wò, lò ó fún wákàtí kan, màá máa wo ooru. Tó bá ti kọjá 85, mo dúró. Processor méjì tó jáde nínú páálì kan náà kì í fẹ́ fóltì kan náà, ẹ yéé béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń pariwo "fi sí 1.5, ó máa gbà á," Intel fúnra rẹ̀, lóṣù Kẹjọ 2024, ní láti dẹ́kun fóltì tó ń kọjá 1.55 lórí àwọn ìran 13 àti 14 rẹ̀, torí ó ti ń ba wọ́n jẹ́.

Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá. "Brọ̀dá, ayé ló ń bá mi jà, alaalẹ́ ló ń kú." Mo ṣí i. Eruku ọyẹ́ ti bo fáànù bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, paste tó ń gbé ooru processor lọ sára irin tó ń tù ú ti gbẹ bí èépá ìdí ìkòkò. Mo wo BIOS: 1.52, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Iná àpọ̀jù àti ooru máa ń ti irin inú wáyà tín-tìn-tín processor kúrò nípò, kì í sì í padà. Eré tí wọ́n ṣe é mọ́ gan-an, kò lè dúró lé e mọ́. Mo nu eruku, mo pa paste dà, mo dín eré rẹ̀ kù.

Ó sanwó, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Brọ̀dá, tí mo bá wá ra stabilizer ńkọ́?"