Ẹ̀tù Kì Í Ṣe Gàrí: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Di Ọta Ìbọn Ọdẹ Rẹ̀

Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí, nílé ọdẹ. Inú àdó ni bàbá mi ń kó ẹ̀tù sí. Bí wọ́n bá fẹ́ ki ṣakabùlà, wọ́n á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fojú wọ̀n ọ́n, ó parí. Ojú ìwọ̀n yẹn ni mo gbé dé Texas, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó gba ike ẹ̀tù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀tù dúdú ti bàbá mi ṣì máa ń forí ji èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tù aláìléèéfín tó wà nínú ọta òde òní kò mọ ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń di ọta tí òun fúnra rẹ̀ máa yìn. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbàwé. Ẹ ṣì béèrè òfin ìpínlẹ̀ yín. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa ṣe irú ọta yìí nílé, nítorí náà ẹ má dán an wò níbẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta: kòròfo idẹ, púráímà tó ń ṣáná ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù, àti orí ọta tó ń fò jáde. Kòròfo la máa ń tún lò. Ẹ tan iná sẹ́nu rẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀: bó bá jẹ́ ihò kan ló wà láàárín, irú tí wọ́n fi orúkọ Boxer pè ni, ó ṣeé lò. Bó bá jẹ́ ihò kéékèèké méjì, irú tí wọ́n fi orúkọ Berdan pè ni, ẹ fi sílẹ̀. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Berdan jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, Boxer jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ti Boxer ni Amẹ́ríkà gbà.)

Ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, òṣùwọ̀n tó péye, irin tí ẹ ó fi máa wọn gígùn kòròfo, àti ìwé ìlànà tuntun tó ń sọ ìwọ̀n ẹ̀tù fún ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òróró pa kòròfo lára kí ẹ tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Sátidé mi tán sórí kòròfo kan ṣoṣo tó há. Idẹ a máa nà lẹ́yìn èyí. Kòròfo .308 Winchester, irú ọta ìbọn ọdẹ kan, kò gbọdọ̀ gùn kọjá 2.015 ìǹṣì, 2.005 la máa ń gé e sí. Ẹ tún tẹ orí wáyà kékeré, kí ẹ fi fọwọ́ kan inú kòròfo nítòsí ìdí. Bí ó bá jìn wọlé yíká níbì kan, idẹ ti ń tinrín, ó fẹ́ já síbẹ̀. Ẹ jù ú nù.

Ẹ̀tù wá kàn. Gíréènì la fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Agbára tó ń ti .308 lè tó 62,000 pọ́n-ùn lórí ìǹṣì onígun mẹ́rin kan, ojú yín sì súnmọ́ ọn gan-an. Torí náà, ibi tó kéré jù nínú ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá kọ èyí tó pọ̀ jù nìkan, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Ẹ má gba ìwọ̀n ọ̀rẹ́ kankan, ì báà ti yìn ín láti ọdún gbọọrọ: ìbọn tirẹ̀ kọ́ ni tiyín. Kò sí sìgá nítòsí, kí ojú ní gíláàsì, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun nítorí òjé.

Bí ẹ bá ti yìn díẹ̀, ẹ wo púráímà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí bí ọwọ́ ìbọn bá le láti ṣí, ẹ dúró, ẹ dín ẹ̀tù kù. Bí ìbọn bá dún bíi pé ó sín, ẹ má yin òmíràn. Orí ọta lè ti há sínú ihò rẹ̀.

Owó kọ́ ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò ń jẹ owó lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń di ọta kì í sì í fún ìbọn rẹ̀ nísinmi. Èrè ibẹ̀ ni ọta tó bá ìbọn yín mu, tó ń bọ́ síbi tí ẹ fojú sùn lára ìgalà.

Mo máa ń kọ ọjọ́, orúkọ ẹ̀tù àti ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí tí kò bá ní àkọlé, mi ò ní yìn ín. Mo ń tú u palẹ̀, kódà bó bá jẹ́ èmi náà ni mo dì í.