Máṣíìnì tó ń kú tí epo bá ti wálẹ̀: ṣé pọ́ǹpù ni àbí kábúrétọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù Honda Africa Twin 750 tòkunbọ̀ ni mò ń gùn, ti 1993. Tí mo bá fi epo kún tánkì, wàhálà kankan ò sí, àmọ́ tó bá ti dé ìdajì, tí mo wá fún un níná lójú ọ̀nà márosẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á kú pátápátá. Mẹkáníìkì ti tú kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó ti lọ, ibi tó wà náà ló ṣì wà.

Ìdáhùn: Àbúrò, ní kí wọ́n fi kábúrétọ̀ yẹn lọ́rùn sílẹ̀ ná. Ọ̀kadà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́ ò ní pọ́ǹpù rárá, òkè kábúrétọ̀ ni tánkì ẹ̀ wà, epo á kàn máa ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Tánkì tìẹ tóbi, ó gbà ju lítà 20 lọ, ó sì rọ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì débi pé epo tó wà nísàlẹ̀ ò ga ju kábúrétọ̀ lọ mọ́, ìdí nìyẹn tí Honda fi fi pọ́ǹpù oníná kékeré kan sí i. Tí tánkì bá kún, epo ṣì lè fipá gba inú pọ́ǹpù tó ti kú kọjá, ìyẹn ló ń tàn yín jẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú lọ ra pọ́ǹpù ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tún kú, ṣí ìdérí tánkì, tó o bá gbọ́ ṣíì, tó sì padà jí, ihò atẹ́gùn ìdérí yẹn ló dí, o ò ní náwó kankan. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, fi èèkù sukudiráífà gbá pọ́ǹpù náà jẹ́jẹ́. Tó bá ṣe tàkà-tàkà tó sì ń lọ, kọntáàtì inú ẹ̀ ló ti jóná. Àìsàn irú pọ́ǹpù yìí gan-an nìyẹn: irin kékeré méjì ló ń kanra tó tún ń yara, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yara ni iná ń ṣẹ́ pàrà, títí tí ojú wọn á fi dúdú tí iná ò ní kọjá mọ́.

Ohun kan wà tó ti jẹ́ kí wọ́n ju pọ́ǹpù tó dáa nù. Tó o bá yí kọ́kọ́rọ́ lásán, kò ní dún, torí rílè, ìyẹn suwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù tó sì ń gé e, ò ní fún un níná àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Tẹ sítátà, kó o wá tẹ́tí. Ó yẹ kó yára dún, kó máa rọra lọ bí kábúrétọ̀ ṣe ń kún, kó wá dákẹ́. Tí epo bá wà tí kò sì dákẹ́, atẹ́gùn ló ń fà níbi róbà tó sán, tàbí kí awọ inú pọ́ǹpù tó ń ti epo ti ya. Tí kò bá dún rárá, fi mítà sí wáyà ẹ̀ kí ẹnì kan máa bá ẹ tẹ sítátà: tí iná bá ń wọlé dáadáa tó ṣì dákẹ́, ó ti kú nìyẹn. Tí iná ò bá dé ibẹ̀, rílè, wáyà àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ ara irin máṣíìnì) ni kó o wá kiri, iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n fi pọ́ǹpù Corolla sí i, pé ó lágbára.

Ìdáhùn: Agbára yẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀! Pọ́ǹpù ọkọ̀ oní-injection, èyí tí kì í lo kábúrétọ̀, ń tì tó 40 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí epo fi ń tì), èyí tí kábúrétọ̀ fẹ́ ò ju 2 sí 3 lọ. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ò lè dá a dúró, epo á máa dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ra ti oníkábúrétọ̀, 12 volt, èyí tí kò ní kọntáàtì ló wù mí jù. O lè fi sáńpéépà tó kúnná ha kọntáàtì àtijọ́ yẹn, á gbé ẹ délé, kò ní pẹ́ ṣá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Kí ló dé? Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, yọ orí bátìrì oní-négétíìfù, ti ẹnu epo tó wà lábẹ́ tánkì pa, má sì ṣe é nítòsí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Sàmì sí róbà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, torí tó o bá yí wọn, epo ò ní wá. Ra róbà tuntun, tẹ èyí tó wà níbẹ̀ kọrọdọ kó o rí bó ṣe sán, fi fílítà sáájú pọ́ǹpù. Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù oní-electronic, ìyẹn èyí tí kò ní kọntáàtì, má yí wáyà ẹ̀ padà, ó lè jó. Wáyà tí rílè ń darí yẹn náà ni kó o lò, má so ó tààrà mọ́ bátìrì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, torí tó o bá ṣubú tí ẹ́ńjìnnì kú, rílè á gé iná, àmọ́ èyí tó o so tààrà á ṣì máa fa epo lọ ni.